Ṣé kí a kó kúrò ní Èkó lọ sí Mowe?

Ìyá Ìbejì kan kọ̀wé sí mi láti Ọgbà, ní Èkó. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Yàrá méjì àti pálọ̀ la ń gbé ní Ọgbà láti ọdún kẹsàn-án. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Lánlọ́ọ̀dù tún ti fi kún owó ilé, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọdún méjì nìyí. Ọkọ mi ń ṣe wẹ́dà ní Múṣin, èmi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Márínà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní ká wá gba ilé ní Mowe, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pé owó tí à ń san ní Ọgbà yìí, odidi fúláàtì oníyàrá mẹ́ta la máa fi gbà níbẹ̀, tó bá sì tó ọdún méjì, a ó ti tọ́jú owó ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní a ò ní jẹ́ ará Èkó mọ́, wọ́n ní ilé ìwé àwọn ọmọ máa dàrú, wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ burú. Ṣé kí a lọ ni, àbí kí a jókòó síbi tí a wà?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó. Sọ́fẹ́yọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń wọn ilẹ̀ ní Èkó àti ní Ògùn, ọdún 2008 sì ni èmi náà kó ìyàwó àti ọmọ láti Múṣin lọ sí Magboro, a ò sì tíì padà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ̀rù mẹ́ta ló dàpọ̀: ẹ̀rù ààlà, ẹ̀rù ilé ìwé, ẹ̀rù ọmọ onílẹ̀. Èyí tó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ọ̀nà ni. Òun ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ààlà, torí òun ló rọrùn jù. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, wọ́n dá Ògùn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, àwọn Àwórì sì ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kankan. Ìṣẹrì tí ìtàn sọ pé Ọlọ́fin tẹ̀dó sí nígbà tó ń tẹ̀lé àwo lórí omi, ẹ ó rí àdúgbò tó ń jẹ́ Ìṣẹrì ní ìhà Èkó, ẹ ó rí i ní ìhà Ògùn. Ní àyíká Òjòdù àti Alágbọlé, èèyàn lè jáde nílé ní Ògùn lọ ra búrẹ́dì ní Èkó, kó padà kí tíì tó tutù. Kò sí géètì, kò sí ẹni tó máa bi yín ní ìwé. Ẹ ò sì ní di ọmọ Ògùn. Ibi tí bàbá èèyàn ti wá ni wọ́n ń kọ sí ojú ìlà "ìpínlẹ̀" nínú fọ́ọ̀mù, kíkó ilé kò lè yí ìyẹn padà.

Àwọn ohun tó máa yí padà kò pọ̀, àmọ́ ẹ má fojú di wọ́n. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yín, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni òfin ní kó máa lọ, kódà bí ọ́fíìsì bá wà ní Márínà. Ẹ sọ àdírẹ́sì tuntun fún àwọn tó ń san owó oṣù. Iye tí wọ́n ń yọ kò ní torí ìyẹn lé sí i, torí òfin ìjọba àpapọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ níbi gbogbo. Káàdì ìdìbò, ẹ ní kí INEC gbé orúkọ yín lọ sí wọ́ọ̀dù tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọgbà lẹ ó ti máa dìbò, lọ́jọ́ tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Tí ẹ bá ń lo Ìlera Èkó, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba Èkó ń ṣe, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó kó, Ògùn ní ètò ìlera tirẹ̀. Òfin ayálégbé tí Èkó ṣe ní 2011, tó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò dé Mowe. Mo ti bá lánlọ́ọ̀dù pàdé níbẹ̀ tó ní ọdún méjì lòun ń gbà, ayálégbé sì ń kà á lé e lọ́wọ́. Ọ̀kadà tí wọ́n ti lé kúrò ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Èkó láti ọdún 2022, ẹ ó tún bá a ní Ògùn. Òun ló máa gbé yín wọlé lálẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ti wábi gbà.

Ní ti àwọn ọmọ, àsìkò tí ẹ béèrè yìí ló dára jù. Àwọn ìbejì fẹ́ wọ JSS1. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìdánwò JSS3 tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá gbé láàárín JSS2 sí JSS3 ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ máa ń dà láàmú. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ JSS1 ní oṣù kẹsàn-án níbi tó máa parí rẹ̀ sí, kò ní ìṣòro kankan, WAEC kan náà sì ni gbogbo wọn máa jókòó fún nígbẹ̀yìn. Ohun tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ máa gbé Ògùn kí àwọn ọmọ sì máa lọ sí ilé ìwé ní Ọgbà. A ṣe é fún ọdún kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Magboro, nítorí a rò pé ilé ìwé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ dára jù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí là ń jí wọn. Ó tó ìgbà kan tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé sùn, kó má baà fi ìyẹn pẹ́ láàárọ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣí aṣọ lára rẹ̀ tó rí ìbọ̀sẹ̀ náà ni a lọ wá ilé ìwé sí Magboro.

Ó wá kan ọ̀nà. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èrò tó ń rìnrìn àjò ni wọ́n sì ṣe é fún. Lẹ́yìn náà ni Arepo, Magboro, Ibafo àti Mowe wá kún fọ́fọ́ fún àwa tí owó ilé Èkó lé jáde. Gbogbo wa tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo yìí bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Tí tírélà bá ṣubú lórí afárá gígùn níwájú Kara, kò sí ẹ̀bùrú tí ẹ máa gbà, ibẹ̀ ni gbogbo wa jọ máa wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2013, ojú wa rí màbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ kí n má purọ́, ọ̀nà náà ti dára ju ti àtijọ́ lọ gan-an. Èrò tó ń gbà á kò kàn dín kù ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ń gbé Mowe gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ìsìn bó ṣe mọ ọjọ́ owó oṣù. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn òru wà ní Redemption City, àgọ́ ìjọ Redeemed tó wà lẹ́yìn Mowe. Oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá ni àpéjọ ńlá wọn. Àgọ́ NASFAT, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí, wà ní Aṣèsé, àgọ́ Deeper Life náà wà lójú ọ̀nà yẹn, Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire sì wà ní tòsí Magboro. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìsìn, èmi náà máa ń lọ. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ má baà jáde ní Márínà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa rò pé ẹ ó bá àwọn ọmọ lójúfò.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe máa rí. Ẹ jí ní aago mẹ́rin, aago márùn-ún ẹ ti wà ní ibùdókọ̀ Mowe, òkùnkùn ṣì ṣú, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe Berger, tọ́ọ̀ṣì fóònù nìkan lẹ ń rí. Ẹ wọ ọkọ̀ kan dé Berger, ẹ wọ òmíràn gba Third Mainland dé CMS. Tí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ẹ ti dé kí ọ́fíìsì tó ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ni èèyàn ò lè ṣètò. Láti ibi iṣẹ́ kan náà, mo ti délé ní aago méje rí, mo sì ti délé ní aago mọ́kànlá rí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ èrè tí èèyàn rò pé òun rí lórí owó ilé. Ẹ mú bírò kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ ọjọ́ kan fún ẹ̀yin àti ọkọ yín láti Mowe, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ 22 lóṣù, ẹ sọ ọ́ di oṣù 12, ẹ yọ iye tí ẹ ń ná láti Ọgbà báyìí kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ kà á mọ́ owó ilé Mowe, torí owó ilé náà ni. Nínú àwọn ìdílé tí mo ti bá ṣe ìṣirò yìí, àwọn tí nǹkan ń ṣẹ́ kù fún ni àwọn tí ọ̀kan nínú tọkọtaya ń ṣiṣẹ́ nítòsí ilé. Àwọn tí àwọn méjèèjì ń wọ Èkó lójoojúmọ́, fúláàtì ńlá ni wọ́n rí, wọn ò rí owó.

Ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ ọkọ yín ti yàtọ̀ nìyí. Mowe ló mọ̀, òun ló ṣe júwe Mowe. Ṣùgbọ́n Múṣin ni ọkọ yín ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń lọ sí Márínà, ojú irin ló yẹ kí ẹ̀yin máa wò. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Àgbàdo ló ti ń gbéra, Àgbàdo sì ti wà ní ìhà Ògùn. Ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣin àti Yábàá dé Oyíngbò. Múṣin gan-an ló ti máa já ọkọ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin á sọ̀ ní Oyíngbò, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń rékọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyẹn kò jìnnà mọ́. Káàdì Cowry tí wọ́n ń lò nínú BRT náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kò sí lórí irin, tírélà kì í ṣubú síbẹ̀. Àléébù rẹ̀ náà wà, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó yọ̀. Ojú irin tí ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń gbà náà ni òun náà ń gbà, nítorí náà kì í rìn léraléra bíi dáńfó. Ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ máa dúró pẹ́. Èkejì ni pé ọ̀nà inú àdúgbò ní Àgbàdo sí Ìjòkò kò dára, ẹrẹ̀ wọn kì í ṣe kékeré tí òjò bá rọ̀. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe, Àgbàdo ni mo ti máa kọ́kọ́ wá ilé, n kò ní lọ sí Mowe. Tí iṣẹ́ yín bá wà ní Ìkẹjà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ Berger ni, ǹ bá sọ nǹkan mìíràn. Ìkòròdú àti Ayọ̀bọ̀ náà wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kúrò ní Èkó, àmọ́ láti ibẹ̀ dé Márínà, ìyà ojú ọ̀nà kan náà lẹ ó máa jẹ.

Ibikíbi tí ẹ bá gbà, ẹ yẹ omi àti iná wò. Odò Ògùn ń gba Warewa, Arepo, Ìṣẹrì àti Kara kọjá lọ sí ọ̀sà. Ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, omi máa ń wọ ilé àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Ejẹ́ǹtì kì í mú èèyàn lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pè yín. Kí ẹ tó wo kíṣìnnì àti báfù, ẹ yípo lọ sí ẹ̀yìn fẹ́ńsì kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú kan tó lọ gbọọrọ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, omi ti dúró síbẹ̀ rí. Wọ́n lè kun iwájú ilé lọ́dà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fẹ́ńsì, wọn kì í rántí. Ní ti iná, ilé iṣẹ́ tó ń pín in kò tẹ̀lé ààlà ìpínlẹ̀. Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ IBEDC ti Ìbàdàn, Ikeja Electric náà sì ń pín iná dé àwọn apá kan ní Ògùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, kì í ṣe lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, bándì wo ni wọ́n wà. Bándì A ló yẹ kó ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ tún béèrè iye tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń dá. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, àwa ará àdúgbò la ń dá owó ra òpó iná, la ń dá owó ọdẹ, la ń dá owó yẹ̀pẹ̀ sí ojú títì. Kò sí ejẹ́ǹtì tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ti Ògùn nìkan. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ló ṣe òfin tó lòdì sí wọn ní ọdún 2016, wọ́n ṣì ń gba owó fáńdéṣọ̀n, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ariwo wọn lọ ni ìwé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, nítorí náà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń yẹ ìwé ilẹ̀ Ògùn wò, Aláùsá, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Èkó wà, kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó wá rà kò débẹ̀ rí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìwé sọ́fè wá bá mi lẹ́yìn tó ti sanwó tán. A lọ sórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn Ibafo. Nọ́ńbà tó wà lórí òpó kóńkéré kékeré ní igun ilẹ̀ bá ti inú ìwé mu, inú bàbá dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwọn nọ́ńbà kòọ́dínéètì inú ìwé náà, tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, sórí máàpù, ibòmíràn pátápátá ni ilẹ̀ inú ìwé wà, ibi tí a dúró sí sì bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Wọ́n kàn da sìmẹ́ǹtì tuntun, wọ́n fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí i kó tó gan ni. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí òpó náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ fìlà náà sórí orúnkún bí ẹni ń lọ aṣọ. Ká ní ó ti gbé ẹ̀dà sọ́fè yẹn lọ sí ọ́fíìsì sọ́fẹ́yọ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta kó tó sanwó, wọn ì bá ti sọ fún un. Nítorí náà, ẹ má ra ilẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ yá ilé gbé fún ọdún kan, kí ẹ mọ ibi tí omi ń gbà, kí ẹ mọ ẹbí tó ni ilẹ̀ àti èyí tí wọ́n jọ ń ṣe ẹjọ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ rà, iṣẹ́ mi parí síbi wíwọn àti yíyẹ ilẹ̀ wò. Ìwé àdéhùn, iṣẹ́ lọ́yà ni, kí ó jẹ́ lọ́yà tiyín, kí ó má jẹ́ ti ẹni tó ń tà á, kí ó sì kọ owó fáńdéṣọ̀n títí dé òrùlé sínú rẹ̀ pé ó ti wà nínú iye tí ẹ san.

Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè lọ, kí ẹ lọ yá ilé, kí ẹ lọ kí àwọn ìbejì tó wọ JSS1, kí ó sì jẹ́ ìtòsí ojú irin. Ohun tí mi ò lè bá yín díwọ̀n ni okun ara yín àti bí ọkọ yín ṣe máa gba ìdájí sí. Ìyẹn, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jókòó sọ ọ́. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹni tó lè gbà yín sùn ní Àgbàdo láti ọjọ́ Àìkú sí ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì máa lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń lọ sí ọ́fíìsì, ẹ rìn láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti já yín sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ máa wo aago.